Pílò tó ń di fídà mú fún ọmọ: ṣé ká rà á ni àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìyá Fèyí (Bàrígà)

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá inú ilé yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Ọmọ mi ti lé ní oṣù méjì, ìsinmi ìbímọ mi sì ti ń parí lọ. Iléeṣẹ́ aládàáni ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, ọ̀sẹ̀ 12 péré ni wọ́n ń fún wa. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi gbọ́dọ̀ kúrò nílé, kí n lè ré afárá Third Mainland kọjá kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Màmá ọkọ mi ni yóò máa wo ọmọ. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà, apá ń dùn wọ́n, wọn ò lè gbé ọmọ pẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo lọ ra aṣọ ọmọ ní Balógun, mo rí pílò kékeré kan tó ní okùn tí wọ́n ń ki fídà bọ̀. Wọ́n á gbé e lé ọmọ láyà, ọmọ á máa mu mílíìkì láìsí pé ẹnikẹ́ni di fídà mú. Irú kan tún wà tó ní rọ́bà gígùn tín-ín-rín: fídà á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ́bà á gbé mílíìkì dé ẹnu ọmọ. Irú mìíràn jẹ́ apá kan tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ara bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń tà á sọ fún mi pé àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ló ń rà á jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé ó dára? N kò fẹ́ kí ìyá àgbà jìyà, n kò sì fẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọmọ mi.

Ìyá Ìbejì (Ṣómólú)

Ìyá Fèyí, ẹ kú ewu ọmọ. Wọ́n gbé méjì irú pílò yẹn fún mi nígbà ìsọmọlórúkọ, torí wọ́n rò pé ìyá ìbejì ló yẹ kó ní in. N kò bá wọn jà, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lé Táíyé láyà, tí mo rí i pé pílò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àgbọ̀n rẹ̀, mo gbé e kúrò, n kò sì tún lò ó mọ́.

Bí ebi bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, ohun tí mo ń ṣe rèé. Mo máa ká ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, n óò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀yìn ti itan mi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí orí wọn ga, kí wọ́n kọjú sí mi. Fídà kan á wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ìkejì á wà lọ́wọ́ òsì. Bí ọ̀kan bá fẹ́ gùnfẹ̀, n óò yọ fídà ìkejì náà lẹ́nu kí n tó gbé e. Ìkejì á sunkún, kò burú. Kò rọrùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Sùúrùlérè)

Ìyá Fèyí, ẹ má rà á. Mo ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa kí ẹ lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn náà.

Ọmọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta kò lè fi ọwọ́ ti fídà kúrò lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ó bá ti yó, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó dẹwọ́ mímu, kó tú ìkúùkù tó dì, kí oorun máa gbé e lọ. Ẹni tó di fídà mú ń rí gbogbo èyí, yóò sì yọ ọ́. Pílò kò rí nǹkan kan. Mílíìkì á máa kán sí ọmọ lẹ́nu, ọmọ á sì máa gbé e mì torí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ìgbà tí kò bá lè gbé e mì mọ́, mílíìkì lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ewu ńlá wà. Ọmọ lè kú lójú ẹsẹ̀, tàbí kí mílíìkì tó wọ ẹ̀dọ̀fóró di òtútù àyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀: ọmọ tí nǹkan pá lórí lè má pariwo rárá. Bí ọ̀nà èémí bá dí, ohùn kì í jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "mo máa gbọ́ ọ láti ilé ìdáná" ń fi ọmọ sínú ewu láìmọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọjà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa pílò yìí gan-an. Wọ́n ní kí òbí àti gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ọmọ dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n kó o dànù, kí àwọn tó ń tà á sì kó o kúrò lọ́jà. Wọn ò sọ pé kí wọ́n tún un rán kó lè dára sí i. Wọ́n ní kò sí àtúnṣe tó lè gbà á là, torí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é náà ni ewu rẹ̀: kí fídà wà lẹ́nu ọmọ tó dùbúlẹ̀, kí ọwọ́ ènìyàn má sí níbẹ̀.

Etí náà ń kọ́? Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so ẹ̀yìn ọ̀fun pọ̀ mọ́ inú etí. Ti ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò dagun bíi ti àgbà. Bí ọmọ bá ń mu mílíìkì ní ìdùbúlẹ̀ gbalaja, mílíìkì lè gba ibẹ̀ lọ, kí etí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kó máa ṣọyún. Bí eyín bá sì ti hù, mílíìkì tó ń dúró sẹ́nu nígbà tí ọmọ ń sùn ló ń jẹ eyín iwájú rà.

Ti olórọ́bà gígùn tiẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀rá mílíìkì máa ń lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà, búrọ́ọ̀ṣì kì í sì débẹ̀ dáadáa. Nínú ooru Èkó, kò pẹ́ tí kòkòrò àìfojúrí fi máa ń pọ̀ nínú irú ibẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń yọrí sí.

Bàbá Dámi (Àgége)

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, n kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lò ó fún ọmọ rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe ọmọ náà títí dòní. Èmi ń wa ọkọ̀, ìyàwó mi ń ta oúnjẹ, ọmọ mẹ́ta la bí. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ìyá àgbà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ìyá bá jókòó ti ọmọ, tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ló burú níbẹ̀ bí nǹkan bá bá a di fídà mú, kó lè ráyè fún èyí tó tẹ̀ lé e ní oúnjẹ?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Sùúrùlérè)

Bàbá Dámi, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ jáde, ọ̀pọ̀ ló ń rò ó sínú. Òótọ́ ni pé ọmọ wà tí wọ́n lò ó fún tí nǹkan kan ò ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń fún ọmọ kejì ní oúnjẹ, ojú rẹ̀ á kúrò lára èyí tó dùbúlẹ̀, ó sì lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí nǹkan á fi bàjẹ́. Ọwọ́ sì ń mọ ohun tí ojú kò rí. Ẹni tó di fídà mú ń mọ̀ ọ́n lára bí ọmọ ṣe ń fà á, ìgbà tí fífà náà rọlẹ̀, ìgbà tó fẹ́ mí.

Bí ọwọ́ bá dí, ẹ yọ fídà lẹ́nu ọmọ pátápátá, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó dára, ẹ lọ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ padà wá. Á sunkún. Ọmọ tó ń sunkún ń mí.

Bàbá Dámi (Àgége)

Ó yé mi. Èyí tó ní ọmọ tó ń sunkún ń mí yẹn wọ̀ mí lára. N óò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, torí ó ti ya pílò náà fún aládùúgbò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú o.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí torí èmi náà ni ìyá àgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ tì. Ìyá Fèyí, ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín. Apá tó ń dùn wọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé ọmọ wúwo tó bẹ́ẹ̀. Apá tí kò sí ohun tó gbé e ró, tó kàn ń dá dúró sófuurufú, òun ló ń dunni. Kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní, kí wọ́n na ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ibi ìgbápálé bí orúnkún kò bá jẹ́ kí wọ́n lè dìde nílẹ̀. Kí ọmọ wà lórí itan, kí ìrọ̀rí tó nípọn wà lábẹ́ ìgúnpá wọn. Ìrọ̀rí tí ẹ fẹ́ rà fún fídà, abẹ́ ìgúnpá ìyá àgbà ni kí ẹ fi sí. Wọn ò ní mọ̀ pé àwọ́n gbé nǹkan. Bí apá kan bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n yí ọmọ sí apá kejì nígbà tó bá gùnfẹ̀ tán.

Mo tún ní ohun kan láti sọ fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Nígbà tiwa, rírọ la máa ń rọ ọmọ lágbo àti ẹ̀kọ mímu. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ká a lẹ́nu, wọ́n á máa dà á sí i, ọmọ á máa ké, á máa gbé e mì tipátipá. Àwọn nọ́ọ̀sì bá wa wí títí. Wọ́n ní oúnjẹ ń wọ ọmọ lẹ́dọ̀fóró, wọ́n ní ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ pé ó tó òun. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́, a fi rírọ sílẹ̀. Ó wá ń dùn mí pé àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn fi í sílẹ̀ ló tún ń fowó ra ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ sọ pé ó tó. Ohun kan náà ni. Bó ṣe jẹ́ aṣọ mèremère tí wọ́n ya béà sí lára kò yí i padà.

Ìyá Ìbejì (Ṣómólú)

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ẹ̀mí yín á gùn.

Ọláídé (Yábàá)

Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki bọ inú kọ́mú, tó ń fa omi ọmú jáde, ni ẹ ń sọ? Òun náà kì í gba ọwọ́. Mo ti sanwó ọ̀kan, ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rù.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Sùúrùlérè)

Ọláídé, ẹ fọkàn balẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ọmú kò kan ẹnu ọmọ rárá, ìyá ló ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè lò ó dáadáa, kó sáà ti máa fọ gbogbo ara rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ni a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò ní ọwọ́.

Ìyá Moyọ̀ (Ìkẹjà)

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ lọ sí kíréèṣì, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Mo yà sí kíréèṣì kan lọ́sàn-án, n kò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ tò sórí máàtì, fídà lẹ́nu gbogbo wọn, ìró tí wọ́n ká jọ ló gbé fídà ró. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń gbá. Inú mi bàjẹ́ débi pé ẹnu mi kọ̀, mo kàn gbé ọmọ mi. Ìró kíká ti ń ṣe iṣẹ́ pílò yẹn tipẹ́ nílùú yìí, ewu kan náà sì ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè: ọmọ ọwọ́ mélòó ni ẹnì kan ń tọ́jú? Ta ló ń gbé wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń mu mílíìkì? Bí ebi bá pa ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ẹni tó ń ṣe é dáadáa á dáhùn láìjanpata. Lẹ́yìn náà, ẹ yà síbẹ̀ ní àkókò oúnjẹ láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ wọlé títí dé ibi tí àwọn ọmọ wà, ẹ gbé ọmọ yín lọ síbòmíràn.

Ìyá Fèyí (Bàrígà)

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. N kò ní rà á. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà sétí màmá ọkọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó mọ bó ṣe ń ṣe ènìyàn ló sọ̀rọ̀. A ti gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún wọn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni wọn á ṣe di fídà náà mú gan-an? Bí nǹkan bá sì pá ọmọ lórí nígbà tí n kò sí nílé, kí ni kí wọ́n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Sùúrùlérè)

Kí wọ́n gbé ọmọ bí ẹni fẹ́ jókòó, kí orí ga ju ikùn lọ. Kí fídà wà ní ìdàbú, kí mílíìkì sáà ti kún orí rọ́bà tó wà lẹ́nu ọmọ, kó má da yàà. Bí ó bá ti fà á díẹ̀, kí wọ́n rẹ ìdí fídà sílẹ̀ kó lè sinmi kó sì mí, kí wọ́n tún gbé e sókè. Bí ó bá yí orí, ó ti tó nìyẹn, kódà bí mílíìkì bá ṣẹ́ kù. Kí wọ́n da èyí tó ṣẹ́ kù nù, kí wọ́n má tọ́jú ẹ̀ de ẹ̀ẹ̀kejì.

Bí nǹkan bá pá a lórí, tó ṣì ń húkọ́ tó sì ń ké, kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n jẹ́ kó húkọ́ ọ́ jáde. Bí kò bá lè húkọ́, tí kò lè ké, kí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí apá wọn tí wọ́n gbé lé itan, kí orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀ ju ara lọ, kí wọ́n fọwọ́ gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú. Kí wọ́n fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lù ú ní ẹ̀yìn láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó dún dáadáa. Bí kò bá jáde, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi orí ọmú, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Kí wọ́n máa ṣe méjèèjì ní àṣetúnṣe títí yóò fi jáde. Kí ẹlòmíràn máa pe 767 tàbí 112. Bí ọmọ bá dákú, tí kò mí, kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó gbé fóònù, á sọ ohun tó kàn fún wọn. Kí wọ́n má da omi sí i lẹ́nu, kí wọ́n má sì ti ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láìrí ohun tó wà níbẹ̀. Èyí wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ bá wọn fi bèbí oníke ṣe é wò kí ẹ tó padà síṣẹ́.

Ẹ tún lè fún omi ọmú yín sílẹ̀ dípò mílíìkì inú agolo. Nínú fìríìjì, ó lè dúró fún ọjọ́ 4. Níta, wákàtí 4 ni bí yàrá kò bá gbóná ju 25°C lọ, ṣùgbọ́n ti Èkó sábà máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, kúlà tí yìnyín dídì wà nínú rẹ̀ á gbé e dé wákàtí 24. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo, omi tó hó tí kò tíì lọ sílẹ̀ ju 70°C ni kí wọ́n fi pò ó, kí wọ́n jẹ́ kó tutù dé ìwọ̀n ara kí wọ́n tó fún ọmọ. Kó má dúró ju wákàtí 2 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó.

Agbẹjọ́rò Ìyá Tòmíwá (Èbúté Mẹ́ta)

Ìyá Fèyí, ẹ lọ bá ọ̀gá yín. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí wọ́n fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àkókò iṣẹ́. Ẹ lè fi fún omi ọmú. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ń gba oṣù mẹ́fà láti ọdún 2014, bàbá sì ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ó yẹ kí ẹ̀yin iléeṣẹ́ aládàáni náà máa béèrè fún un.

Ìyá Moyọ̀ (Ìkẹjà)

Ọmọ tèmi ti pé oṣù mẹ́jọ, ó ti ń di fídà mú fúnra rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà burú?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Sùúrùlérè)

Kò burú bí ó bá jókòó, tí ẹ sì wà níbẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ lè jù ú nù nígbà tó bá tó o. Ẹ má kàn jẹ́ kó gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife kékeré kọ́ ọ láti ìsinsìnyí, kó lè fi fídà sílẹ̀ tó bá pé ọdún kan.